Délé Kò Lọ Èkó Mọ́

(Búkà Ìyá Oníyán, Alágbàká, Àkúrẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ìyá ń gúnyán. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ti fọwọ́, ó ń dúró de oúnjẹ. Délé, ayálégbé rẹ̀, jókòó tì í. Ṣínà ọlọ́kadà ti jẹun tán, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò jẹ́ kó lọ.)

LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Ìyá, ẹ gbọ́ o. Wọ́n pe ọmọ yìí láti Èkó lánàá pé kó padà wá, ₦650,000 lóṣù. Ó ní òun ò lọ!

ÌYÁ: Yéè! Ta ló ṣe é?

DÉLÉ: Kò sẹ́ni tó ṣe mí, mà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí ló tẹ́ mi lọ́rùn.

ṢÍNÀ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tèmi.

LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Èló ni wọ́n ń san fún ẹ níbi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ọ̀hún?

DÉLÉ: ₦240,000, sà.

(Ọmọ odó dúró lókè.)

LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ ìjọba, wọn ò tíì yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó. 1996 ni wọ́n yọ ọ́, mo wà níbẹ̀. Ọ̀gá mẹ́sàn-án ló jẹ lé mi lórí, mi ò fẹ́ràn ọ̀kan. Ta ló ní kéèyàn fẹ́ràn iṣẹ́? Ṣé ìyàwó ni?

ÌYÁ: Ìyàwó gan-an ńkọ́, Bàbá?

LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Ẹ gún iyán yín, Ìyá.

ṢÍNÀ: Kí lẹ tiẹ̀ ń ṣe níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n?

DÉLÉ: (ojú ẹ̀ tàn) Mò ń yẹ kòkó wò! Tí àwọn àgbẹ̀ bá kó o dé láti Ìdànrè, màá ka 300 hóró, màá là á lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọn ò bò mọ́lẹ̀ nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún, mẹ́fà, inú ẹ̀ á rí bíi síléètì. Èyí tí wọn ò sá gbẹ, á hu. Ṣùgbọ́n èyí tí àgbẹ̀ fara balẹ̀ ṣe! Bàbá, tẹ́ ẹ bá gbóòórùn ẹ̀...

LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Ìwọ tí mo rí fọ́tò FUTA ẹ lára ògiri mi! Kòkó lò ń kà?

DÉLÉ: 300 péré ni, sà. Tó bá di aago mẹ́rin, a ti ṣíwọ́. A kì í ṣiṣẹ́ Sátidé. L'Ékòó, aago mẹ́rin àárọ̀ ni mò ń jí n'Íkòròdú. Afárá Third Mainland yẹn, kìlómítà 11.8 ni. Lórí ẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ìròyìn Yorùbá, ti òyìnbó, ìkéde òkú, àti ìpolówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí. Tí n bá délé, ọmọ ti sùn. Àǹkù ló ń pè mí.

LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Àǹkù olówó. Kí ló burú níbẹ̀?

ÌYÁ: Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀.

(Ìyá ò ka ìwé mẹ́fà, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ lówó pọ̀nmọ́ kan tó mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.)

ÌYÁ: 650. Owó orí?

DÉLÉ: Wọ́n á yọ ọ́ mọ́ owó ìfẹ̀yìntì. Ìdá 8 nínú 100 nìyẹn. Ká pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ sí 100.

ÌYÁ: Ó ku 550. Ilé?

DÉLÉ: ₦1,800,000 lọ́dún.

ÌYÁ: 150 lóṣù. Ó ku 400. Ọkọ̀?

DÉLÉ: 100.

ÌYÁ: 300. Oúnjẹ?

DÉLÉ: Kò sáyè àtisè, mà. Rírà ni. 130, tèmi nìkan.

ÌYÁ: Olè wo ló ń tà á fún ẹ? Ó ku 170. Oògùn ẹ̀yìn dídùn?

DÉLÉ: Ta ló sọ fún yín?

ÌYÁ: Mo rí bó o ṣe ń jókòó.

LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Ẹ yọ ti Àkúrẹ́ náà! Ojúsàájú ni!

DÉLÉ: Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́.

ṢÍNÀ: Ohun tí mo bá yín ṣọ̀tá lé lórí nìyẹn.

DÉLÉ: Ilé, ₦300,000 lọ́dún.

ÌYÁ: Bàbá, èló lẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé yín?

LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Iyán yìí ò tíì kúnná ni?

ṢÍNÀ: Èmi ni mo gbé e wá. ₦550,000, láìka àgíríméǹtì àti kọmíṣọ̀n.

ÌYÁ: Hẹn-ẹ́n! Abájọ tẹ́ ẹ fi ń ti Délé lọ sÉkòó!

LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Ire ọmọ ni mò ń wá! (ó dákẹ́ díẹ̀) Délé, o ní o kì í ṣe nǹkan kan ní Sátidé?

DÉLÉ: Mo máa ń bá ọmọ mi ṣeré, sà.

LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúgbò ò ní akọ̀wé. Aago méje àárọ̀, má pẹ́ o.

ÌYÁ: Ẹ ò ní dá a gbé! Àbúrò ẹ fẹ́ ṣe JAMB, ìṣirò ò wọ̀ ọ́ lórí. Máa wá ní aago márùn-ún, lójoojúmọ́.

ṢÍNÀ: Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ sìnkú ìyá ìyàwó mi. Ẹ bá wa kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ẹ fi kún un pé wọ́n fẹ́ràn mi.

DÉLÉ: Ṣé wọ́n fẹ́ràn ẹ?

ṢÍNÀ: Ìdí tí mo fi wá bá akọ̀wé nìyẹn.

ÌYÁ: Délé, ìwọ tó o tètè ṣíwọ́, wá gba ọmọ odó yìí, kí n lọ wo ọbẹ̀.

(Délé bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń gúnyán. Fóònù ẹ̀ dún. Ṣínà ò bèèrè, ó gbé e, ó fi sí spíkà.)

OHÙN ÈKÓ: Délé! Wọ́n ti sọ ọ́ di ₦800,000. Kí lo wí?

DÉLÉ: Ẹ ṣé sà... (gbì!) ...ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn... (gbì!) ...ọwọ́ mi dí.

OHÙN ÈKÓ: Ṣebí o ní ẹ ń ṣíwọ́ ní aago mẹ́rin?

LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: (sáré sídìí fóònù) Sà! Ọ̀la ló ń bọ̀! Ẹ bá a wálé síbẹ̀!

ÌYÁ: Bàbá, ẹ gbẹ́nu yín kúrò níbẹ̀! Délé, kókó ṣì wà nínú iyán yìí o!

ṢÍNÀ: Ẹ bá wọn kà á, ẹ̀gbọ́n. Kó ṣáà ti má ju 300 lọ.