Tíátà ọdún mẹ́wàá kò ní gbé yín wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì akunnilóorun l'Amẹ́ríkà

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń múra ìrìn-àjò gbà pé ẹni tó bá ti pẹ́ nínú tíátà, ìyẹn iyàrá iṣẹ́ abẹ, bó bá ti dé Amẹ́ríkà báyìí, wọ́n á gbà á sílé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kun aláìsàn lóorun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó sì ń dùn mí, torí àwọn èèyàn ń torí ẹ̀ ta ilẹ̀.

COA, àjọ tó ń fọwọ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yìí lọ́hùn-ún, ní kí nọ́ọ̀sì ti fi ó kéré tán ọdún 1 tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le koko, ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní ICU. Iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí nílé ìwòsàn ológun rẹ̀ lókè òkun. ICU tẹ́ ẹ ṣe nílé pàápàá kò sí nínú ẹ̀.

Kí ló dé tí tíátà kì í fi í kà? Nọ́ọ̀sì tó ń gbé irinṣẹ́ fún oníṣẹ́ abẹ mọṣẹ́ o, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá já wálẹ̀ lórí tábìlì, ẹlòmíì ló ń wá nǹkan ṣe sí i. Ní ICU, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ń bá aláìsàn mí, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi ìfúnpá hàn bí ọkàn ṣe ń lù. Norepinephrine, oògùn tó ń gbé ìfúnpá sókè, ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìfúnpá lọ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì fi kún oògùn. Ó gòkè, ó dín in kù. Báyìí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Iṣẹ́ akunnilóorun gan-an nìyẹn.

Àwọn míì ní ó di ọdún márùn-ún. Irọ́ ni. Ọdún 1 lòfin wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe nílé kò ṣòfò. Òun ló lè jẹ́ kí wọ́n gbà yín sí ICU lọ́hùn-ún, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yege NCLEX, ìdánwò ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà. Torí náà, ẹ̀yin àbúrò mi, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn èjẹ́ńtì, ẹ wo irú wọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó fún ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́ta náà kò sún yín mọ́ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Láti 2022, oyè dókítà ti nọ́ọ̀sì, kì í ṣe ti oníṣègùn, ni gbogbo ẹni tó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ akunnilóorun yìí ń kà, ó kéré tán ọdún 3. Ẹ ka ìyẹn mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó mú déètì.