Ṣé ọjọ́ orí tí bàbá yín kú lẹ fẹ́ fi gba owó ìfẹ̀yìntì?

Ẹ bi àwọn tó sáré gba owó Social Security, owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ń san lóṣooṣù ní Amẹ́ríkà, gbàrà tí wọ́n pé ẹni ọdún 62 pé kí ló ń lé wọn. Ọ̀pọ̀ á ní, "Bàbá mi ò pé 70 kó tó kú. Kí n má lọ kú kí ìjọba wá jẹ owó mi gbé."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi, àmọ́ ìṣirò ọ̀hún ò jọ mí lójú. Ẹni tí wọ́n bí ní 1960 tàbí lẹ́yìn náà, tó bá pé 67 ni owó rẹ̀ tó pé. Ká ní $1,000 ni lóṣù. Tó bá gbà á ní 62, $700 ni. Tó bá ní sùúrù di 70, $1,240 ni. Òótọ́ ni pé ẹni tó tètè gbà á ló máa kọ́kọ́ kó owó jọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lé díẹ̀ ní 80 ọdún, àpapọ̀ owó ẹni tó dúró á bá tiẹ̀, á sì kọjá rẹ̀. Ẹni tó sì ti dé 65 níbẹ̀, ní ìpíndọ́gba, ó ṣì máa lò tó nǹkan bí ogún ọdún sí i.

Ida May Fuller ló kọ́kọ́ gba owó oṣooṣù yìí, ní oṣù Kìíní ọdún 1940: $22.54. Ẹni 65 ọdún ni nígbà yẹn. Ẹni 100 ọdún ló kú, ní 1975, ó sì ti gba ohun tó lé ní $22,000. Àdúrà ẹ̀mí gígùn là ń gbà lójoojúmọ́ o, tó bá wá kan owó, ikú la máa ń ṣírò!

Ẹni tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀, tàbí tí kò rí nǹkan mìíràn jẹ, kó lọ gbà á ní 62. Mi ò bá a jà.

Ọkọ tí owó rẹ̀ pọ̀ ju ti ìyàwó lọ ni mo ń bá wí. Tó bá kú, owó tiẹ̀ ni opó rẹ̀ máa bọ́ sí. Bó bá ti gbà á ní 62, ohun tó máa kan obìnrin yẹn á dín kù títí ayé rẹ̀, bó tiẹ̀ lo ọdún 20 lẹ́yìn ọkọ. Wọ́n á ní owó àwọn ni, ìgbà tó bá wu àwọn làwọn á gbà á. Lóòótọ́ ni. Ṣé wọ́n bi ìyàwó ṣá?