“Èédú tó ti pọ́n kò léwu mọ́”: ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Lánàá ni wọ́n kéde pé òtútù ńlá ń bọ̀ ní Texas níbí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bọ̀dá kan ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Houston, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Wọ́n ní ká má fòyà bí iná bá lọ, ká ra èédú sílẹ̀. Ká dáná rẹ̀ níta, ká jẹ́ kó pọ́n dáadáa títí èéfín rẹ̀ á fi tán, ká wá gbé e wọ pálọ̀. “Èéfín ló ń pààyàn,” bọ̀dá ní, “èédú tó ti pọ́n kò léwu mọ́. Ẹ kàn ṣí wíńdò díẹ̀.” Kí n tó gbọ́ ọ parí, èèyàn bí ogún ti fi àtàǹpàkò sí i. Ẹnì kan tún ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run bù kún ọgbọ́n wọn.

Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Mi ò lè dákẹ́ lórí eléyìí, torí èmi gan-an ti gbé e wọlé rí.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejì ọdún 2021 ni iná lọ nílé wa. Ẹni tó bá wà ní Texas nígbà náà mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé tó lé ní 4 mílíọ̀nù ló wà lókùnkùn. Lọ́jọ́ kejì, òṣùwọ̀n ojú ọjọ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú Houston já wálẹ̀ dé 13 ti Fahrenheit, ìyẹn bíi 10 lábẹ́ òdo ti Celsius. Ilé tí wọ́n kọ́ nítorí ooru nilé wa. Omi dì nínú páìpù. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ló rántí ààbọ̀ àpò èédú tó ṣẹ́ kù nígbà tá a yan súyà. A dáná rẹ̀ níta nínú ìkòkò irin, a fẹ́ ẹ títí tó fi pupa fòò. Kò rú èéfín kankan. A gbé e sáàárín pálọ̀, a fi táwẹ̀lì dí abẹ́ ilẹ̀kùn, a wá ṣí wíńdò kíṣìnì ní ìwọ̀n ìka méjì, ọlọ́gbọ́n sá ni wá. Ooru dé. Àwọn ọmọ sùn.

Bíi wákàtí kan àtààbọ̀ lẹ́yìn náà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Mo pè é ní àìsùn. Àbúrò mi ní òòyì ń kọ́ òun, ó di ẹ̀bi lé ìrẹsì àná lórí. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, jí, ó bì sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo rí èébì náà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dìde nù ún. Mo jókòó, mò ń wò ó, ẹsẹ̀ mi ò dá mi lóhùn. Nǹkan tó kó wa yọ ni alámù oníbátìrì kan tí ẹni tó gbé ilé náà ṣáájú wa fi sílẹ̀ lára ògiri, tí mo ti fẹ́ yọ tipẹ́ nítorí pé kò bá ọ̀dà ilé mi mu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Èmi rò pé bátìrì rẹ̀ ló fẹ́ kú. Àbúrò mi ló wọ́ wa síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn panápaná gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ olóró wọ pálọ̀, ó kà ju 300 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Wíńdò kíṣìnì ṣì wà ní ṣíṣí.

Ohun tí kò sí nínú ohùn bọ̀dá nìyí. Ọ̀tọ̀ ni èéfín, ọ̀tọ̀ lohun tó ń pààyàn. Afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ carbon monoxide ni. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta síni nímú. Èéfín ṣàánú wa, ká sòótọ́: á mú ni húkọ́, á fa omi lójú, èèyàn á sá fún un. Igi ló sì ń rú èéfín. Kí ni èédú? Igi tí wọ́n ti sun èéfín kúrò lára rẹ̀ kó tó dọ́jà ni. Ẹ̀yinná pupa yẹn gan-an ló ń tú carbon monoxide jáde, nígbà tó bá mọ́ lójú yín tẹ́ ẹ sì ń na ọwọ́ sí i.

Bó ṣe ń pani kò ṣòro láti lóye. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara wa. Carbon monoxide máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ní ìlọ́po tó lé ní 200. Bó bá ti dé, á jókòó sáyè ọ́síjìn bí ẹni tó gba àga lóde ìnáwó, kò ní dìde. Béèyàn bá jáde síbi tí atẹ́gùn wà, ó tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ọ́síjìn tí wọ́n fi bò wá nímú nílé ìwòsàn ló ń mú un yá. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan kékeré tí wọ́n ń há síka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ yẹn há mi níka, ó kà 98 nínú 100. Mo ní, “Ẹ wò ó, ara mi le.” Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ ìyàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àtèyí tó gbé carbon monoxide, pupa kan náà ló ń rí. Ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n tó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin “a ṣí wíńdò”, ẹ súnmọ́ ibí. Àwọn kan ní Iowa State University tan mọ́tò sílẹ̀ nínú gáréèjì, ilẹ̀kùn ńlá wà ní ṣíṣí, fún ìṣẹ́jú méjì péré. Carbon monoxide ibẹ̀ gòkè dé 500 nínú mílíọ̀nù kan. Wọ́n gbé mọ́tò jáde. Wákàtí mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ wọn ṣì ń rí i níbẹ̀. Mọ́tò nìyẹn o. CPSC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ewu ọjà, sọ pé èyí tí jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ń tú jáde tó ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó jìnnà sílé tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, kí sàlẹ́ńsà rẹ̀ kẹ̀yìn sílé. Àwa tá a ti Nàìjíríà wá, ṣé ó yẹ kí wọ́n máa sọ ìyẹn fún wa? Ẹ̀ẹ̀melòó la ti gbọ́ pé ìdílé kan sùn wọn ò jí, jẹnẹrétọ̀ sì wà ní kọ́rídọ̀? Wọ́n á ní ayé ló ṣe wọ́n.

Ìjọba Texas ka òkú 246 sí ìjì ọdún 2021 yẹn lọ́rùn. Òtútù ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, mi ò jiyàn. Àwọn tí carbon monoxide gbé dé ilé ìwòsàn lé ní 1,400, ilé wa sì wà níbẹ̀.

Ìyá àgbà yín fi èédú dáná fún ọgọ́ta ọdún, wọn ò kú. Mo ti gbọ́. Ilé ìdáná ìyá àgbà tèmi ní Ìkirè, ẹ̀yìnkùlé ló wà, ògiri rẹ̀ ò kan òrùlé, à ń rí ojú ọ̀run láàárín páànù. Ṣé òun lẹ fẹ́ fi wé ilé Houston tí wọ́n ti fi rọ́bà dí gbogbo ihò rẹ̀ nítorí owó iná? Lóòótọ́, ẹlòmíì á gbé e wọlé á sì jí láàárọ̀. Ẹ lọ máa ta tẹ́tẹ́ yín.

Bí iná bá lọ, yàrá kan ni kẹ́ ẹ kó sí. Kò ní sí ohun tó ń jó níbẹ̀, nítorí náà ẹ lè fi aṣọ dí ilẹ̀kùn rẹ̀ bó bá ṣe wù yín. Ẹ wọ aṣọ léra, ẹ dé fìlà, ẹ bo bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ fara mọ́ra. Ẹ má tan ààrò gáàsì láti fi yáná. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yáná nínú mọ́tò, ẹ gbé e kúrò ní gáréèjì pátápátá, ẹ gbọ́n yìnyín kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà kẹ́ ẹ tó tan án. Bí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì, mẹ́ta nínú ilé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ibà àti ìrẹsì sílẹ̀. Ìta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sá sí, níbẹ̀ lẹ ti máa pe 911.

Bọ̀dá ti dá mi lóhùn. Wọ́n ní, “Àǹtí, a ti ń ṣe é tipẹ́.” Mo ti ra alámù carbon monoxide méjì, tiwọn ni ọ̀kan. Lọ́la, kí òtútù tó wọlé, mò ń gbé e lọ bá wọn, mo máa kàn án mọ́ ògiri fúnra mi, mo sì máa di èédú yẹn sẹ́yìn mọ́tò bọ̀.