5 Sí 2 Kì Í Ṣe Àkọsílẹ̀

Inú ń bí mi, mi ò sì ní pa á mọ́ra mọ́. Sáà bésíbọ́ọ̀lù líìgì wa ti parí, ẹni tó gba ife ti gbà á, àwọn máníjà ti ń sọ ti àwọn tí wọ́n fẹ́ mú ní sáà tó ń bọ̀. Èmi tí mo ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ṣì ń bẹ àwọn àgbàlagbà pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi fáìlì eré tí wọ́n ti gbá tipẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Mo ń lé wọn kiri bí ẹni ń sin gbèsè.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, orí kọ̀ǹpútà ni líìgì wa wà. Àwa máníjà fọ́n káàkiri Amẹ́ríkà níbí, a ń yan àwọn tó gbá bésíbọ́ọ̀lù lóòótọ́ sínú tíìmù wa, kọ̀ǹpútà á wo bí ọwọ́ kálukú wọn ṣe dá tó, á sì gbá eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irú eré báyìí ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Ní 1961 ni Hal Richman bẹ̀rẹ̀ sí í ta Strat-O-Matic, eré bésíbọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi káàdì àti dáìsì gbá. Nínú líìgì tiwa, ẹni tó bá gbàlejò ló ń gbá eré náà lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, òun náà ló sì yẹ kó fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Òun gan-an ni wọn ò lè ṣe.

Ohun tí wọ́n á fi ránṣẹ́ ni pé, "A nà wọ́n 5 sí 2." Kí ni kí n fi 5 sí 2 ṣe? Ta ló ju bọ́ọ̀lù, íníńgì mélòó, ìyẹn ìpele eré, ló sì jù? Ta ló gbá home run, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó lọ jìnnà débi pé ẹni tó gbá a sáré yí gbogbo bésì ká, àwọn wo ló wà lórí bésì nígbà tó gbá a? Bí mo bá béèrè, wọ́n á ní kí n fara balẹ̀, pé eré lásán ni.

Kì í ṣe eré lásán. Bésíbọ́ọ̀lù gidi ní ẹlẹ́rìí: àwọn èrò tó wà ní pápá, àwọn akọ̀ròyìn, ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì. Síbẹ̀, wọ́n kọ eré kan tí Ty Cobb, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tó lókìkí, gbá ní 1910 sínú ìwé lẹ́ẹ̀mejì, hit méjì (bọ́ọ̀lù téèyàn gbá tó fi dé bésì) tí kò gbá sì wọ iye tirẹ̀. Ọdún yẹn gan-an lòun àti Nap Lajoie ń du ipò ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù, mọ́tò Chalmers sì ni ẹ̀bùn rẹ̀. Pete Palmer ló hú àṣìṣe náà jáde, 1981 ni gbogbo ayé sì tó gbọ́ pé iye hit Cobb láyé rẹ̀, 4,191 tí wọ́n ti há sórí, 4,189 ló yẹ kó jẹ́. Hack Wilson náà ńkọ́? RBI (àmì tí gbígbá rẹ̀ mú wọlé fún tíìmù) 190 ni wọ́n kọ fún un ní 1930, àfi ní 1999 tí wọ́n dá ẹyọ kan tó jẹ́ tirẹ̀ padà fún un, tó di 191. Wọ́n rí nǹkan wọ̀nyí nítorí pé ìwé àtijọ́ wà tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Ìwé ìròyìn wo ló gbé eré tiwa? Ta ló wà lórí àga tó rí i? Nọ́ńbà nìkan la ní. Bí nọ́ńbà bá ti sọnù, eré náà ò wáyé rí nìyẹn. Láti 1989 làwọn ará Retrosheet ti ń wá àkọsílẹ̀ eré tí wọ́n gbá kí wọ́n tó bí wọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe é. Ẹ̀yin ò lè tẹ bọ́tìnì kan nítorí eré tí ẹ gbá lánàá!

Àwọn kan tún wà tó burú ju àwọn tí kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ lọ. Àwọn yìí á kọ́kọ́ ṣí fáìlì náà nínú ètò tí wọ́n fi ń ṣe tábìlì ìṣirò, wọ́n á "tún un ṣe," wọ́n á wá fi ìbàjẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó bá gbá hit 3 nínú ìgbà 4, 3-4 la máa ń kọ fún un. Ètò yẹn á sọ ọ́ di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ti íníńgì ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Ajùbọ́ọ̀lù tó bá ju íníńgì 6, tó tún lé ẹnì kan jáde nínú ìkeje, 6.1 là ń kọ fún un. Tó bá lé ẹni méjì, 6.2. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni .1 yẹn, nítorí ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń lé jáde kí íníńgì tó parí, kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ ro 6.1 pọ̀ mọ́ 6.2, íníńgì 13 gbáko ló yẹ kó jẹ́. Tábìlì wọn á kọ 12.3. Iye íníńgì yìí la sì fi ń pín àmì tí wọ́n jẹ lórí ajùbọ́ọ̀lù ká tó mọ ERA rẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá ṣe kéré tó ló ṣe ń dára tó, nítorí náà ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa á wá dà bí ọ̀lẹ nínú ìwé.

Orúkọ àwọn èèyàn ńkọ́? José á wọlé, JosÃ© á jáde. Àkọsílẹ̀ mi á wá pín ẹnì kan ṣoṣo sí méjì, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ níbí, ìdajì lọ́hùn-ún. Ọmọ Yorùbá ni mí, wọ́n ti gé àmì kúrò lórí orúkọ tèmi náà lórí gbogbo káàdì tí mo ní lórílẹ̀-èdè yìí, mi ò sì ní gbà kí wọ́n ṣe é fún ẹlòmíì nínú ìwé tí mo ń tọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ní kí wọ́n má yọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà níwájú orúkọ, wọ́n ní kò wúlò. Ní ọdún 2000, ajùbọ́ọ̀lù méjì ló ń jẹ́ Bobby Jones nínú tíìmù Mets kan náà, ọ̀kan ń fọwọ́ ọ̀tún jù, èkejì ń fọwọ́ òsì. Ẹ yọ nọ́ńbà kúrò, kí ẹ wá sọ fún mi èwo lèwo.

Àwọn wọ̀nyí náà ló máa kọ́kọ́ pariwo. Kí sáà tó tutù, wọ́n á ti máa bi mí pé ta ló gbá home run jù, kí ló dé tí orúkọ ọmọ tiwọn ò sí lókè. Ẹnì kan tilẹ̀ ní mò ń ṣojúsàájú, ẹni tí mi ò tíì rí ìdajì fáìlì rẹ̀ gbà!

Mo ti kọ̀wé sí alága líìgì. Láti sáà tó ń bọ̀, fáìlì tí kò bá dé ọwọ́ mi ní pípé, bó ṣe jáde látinú kọ̀ǹpútà gan-an, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹni tó gbàlejò ti pàdánù eré náà. 9 sí 0 ni wọ́n ń kọ nínú bésíbọ́ọ̀lù gidi fún tíìmù tí wọ́n bá gba eré lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, 9 sí 0 náà ni màá kọ.