Ẹ Má Ṣa Lego Ọmọ Yín ní Àwọ̀-Àwọ̀ Mọ́

Bí ẹ bá bi òbí mẹ́wàá léèrè níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde bí wọ́n ṣe ń to Lego àwọn ọmọ wọn, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: "Ṣà á ní àwọ̀-àwọ̀. Pupa sínú abọ́ kan, búlúù sínú abọ́ kan, ó parí." Àwọn àbúrò mi ń sọ ọ́. Àwọn ìyá tí a jọ ń dúró de ọmọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé ń sọ ọ́. Èmi náà sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíì, mo sì ṣe é. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Àmọ́ kì í jẹ́ kí ọmọ rí ohun tó ń wá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí kí a lè rí nǹkan nígbà tí a bá fẹ́ lò ó la ṣe ń tò ó.

Lego ni mo ń pè é nítorí bí gbogbo wa ṣe ń pè é nìyẹn, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ní Omo. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Billund ní Dẹ́ńmákì ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932. Èyí tí ẹ rà lọ́jà lè má jẹ́ tiwọn rárá, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo bíríkì ìṣeré tó ń há mọ́ra wọn.

Tiwa pọ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun kó tàwọn ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà sínú dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí wa, a da èyí tí a ti ń rà díẹ̀díẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, ó kún báfù ńlá kan. Nígbà họlidé kan, mo kó abọ́ áísìkiriìmù mẹ́fà jáde, irú èyí tí a máa ń bu ọbẹ̀ sí nínú fíríìsà, èmi àtàwọn ọmọ jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Pupa, búlúù, yẹ́lò, gíríìnì, funfun, dúdú. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, èkejì ọmọ mi ń kan mọ́tò. Ó ku ẹyọ pupa kékeré kan tó fẹ́ fi ṣe iná ẹ̀yìn, èyí tí kókó kan ṣoṣo, ìyẹn orí róbótó tó ń há sábẹ́ bíríkì míì, wà lórí rẹ̀. Ó gbé abọ́ pupa, ó rò ó lọ rò ó bọ̀, kò rí i. Ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa ti ibi ìdáná dé, abọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ṣófo, gbogbo wọn ti di òkìtì kan lórí táìsì. Mo bá a wí. Ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, gbogbo ẹ̀ ló pupa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Gbogbo wa la mọ Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá ń tò wọlé síwájú ààfin Awùjalẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, gèlè kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà. Ẹ ní kí ọmọ lọ pe ìyá rẹ̀ wá láàárín wọn. Ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò máa yẹ̀ wò, nítorí aṣọ kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá yẹn kan náà bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gba inú ọjà Òkè-Ajé kọjá, láàárín èrò tí oníkálukú wọ ohun tó wù ú, láti òkèèrè lọmọ ti máa rí i. Aṣọ náà kò yí padà. Àwọn tó dúró yí i ká ló yí padà.

Abọ́ pupa tí a ṣe yẹn, ẹgbẹ́ aláṣọ kan náà ni. Àwọ̀ lohun tí ojú èèyàn tètè ń rí jù, a wá fi ọwọ́ ara wa gba ohun tí ojú ì bá fi ṣiṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Ó ku ìrísí nìkan, ìrísí àwọn bíríkì yìí sì jọra gan-an: oníkókó mẹ́ta àti oníkókó mẹ́rin, kí lèèyàn fẹ́ fi dá wọn mọ̀ láàárín òkìtì bí kò bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan? Tí a bá wá fi irú kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tọ̀, tí àwọ̀ wọn dà pọ̀, ọmọ tó ń wá oníkókó kan pupa máa lọ síbi abọ́ oníkókó kan, pupa náà á sì yọ sí i lójú.

Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ti wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní 1980, Anne Treisman àti Garry Gelade tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí ojú ṣe ń wá nǹkan. Wọ́n rí i pé tí ohun tí à ń wá bá fi àwọ̀ yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó yí i ká, iye tó yí i ká kò fi bẹ́ẹ̀ dá wa dúró: a máa ń rí i lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àfi ká da nǹkan méjì pọ̀ ká tó dá a mọ̀, bí àwọ̀ kan pẹ̀lú ìrísí kan, bí iye wọn ṣe ń pọ̀ sí i ni àkókò tí à ń lò ń gùn sí i. Òkìtì tí gbogbo rẹ̀ dà pọ̀, tí a kò ṣà rárá, nìyẹn. Ṣíṣà á ní irú-irú ló ń gbé wa bọ́ sí ìhà kìíní, níbi tí ojú ti ń ṣiṣẹ́ kíákíá.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ tiwa níbí. Màmá mi wá kí wa láti Rẹ́mọ lásìkò tí a ń ṣà á, wọ́n jókòó tì wá, wọ́n ń bá wa ṣà. Búlúù tó ki, gíríìnì tó ki, inú abọ́ dúdú ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Àwọ̀ ọsàn ń lọ sínú abọ́ pupa. Àkọ́bí mi ń yọ wọ́n jáde lẹ́yìn wọn, ọ̀rọ̀ sì fẹ́ di àríyànjiyàn. Màmá kò ṣì í o. Nínú Yorùbá tí wọ́n bí wọn sí, dúdú, pupa àti funfun ni orí àwọ̀, aṣọ tí wọ́n fi aró rẹ títí tó fi ki, dúdú ni, epo tó ń dán nínú ìgò, pupa ni. Ọmọ tó ń kọ́ orúkọ àwọ̀ nínú ìwé gẹ̀ẹ́sì ń pín in sí ọ̀nà tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ilé kan ṣoṣo, ẹni méjì kò lè fẹnu kò lórí ibi tí ẹyọ kan ń gbé. Ṣùgbọ́n kókó mélòó ló wà lórí rẹ̀? Màmá kà á, ó jẹ́ mẹ́rin. Ọmọ kà á, ó jẹ́ mẹ́rin.

Àwọn kan á ní àwọ̀ ló ń mú Lego dùn. Ó ń mú un lẹ́wà, mo gbà. Àmọ́ ìrísí ló ń kọ́lé. Søren Eilers, onímọ̀ ìṣirò ní Dẹ́ńmákì, wà lára àwọn tó ka iye ọ̀nà tí èèyàn lè gbà so bíríkì oníkókó mẹ́jọ mẹ́fà pọ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ àwọ̀ kan náà. Ó jẹ́ 915,103,765. Ẹyọ mẹ́fà péré, àwọ̀ kò sì bá wọn dá sí i rárá.

Ó yá, ọ̀rọ̀ abọ́.

Ẹ má ra àpótí kankan lákọ̀ọ́kọ́. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wá ni asẹ́. Bí a ṣe ń ku gààrí wa ká tó yan án ni kí ẹ ṣe. Ẹ wá apẹ̀rẹ̀ ike oníhò, irú èyí tí à ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí, tàbí asẹ́ ike tí ihò rẹ̀ tóbi. Bíríkì oníkókó mẹ́jọ gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 32, ó sì fẹ̀ tó 16. Oníkókó kan kò ju mìlímítà 8 lọ ní ìbú. Ihò tó bá fẹ̀ tó mìlímítà 12 tàbí 13 á jẹ́ kí wẹ́wẹ́ bọ́ sísàlẹ̀, á sì dá ńláńlá dúró. Ẹ gbé e lé orí báfù, ẹ máa mì í. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iṣẹ́ tó gbà wá ní ọ̀sán gbáko ti parí dé ìdajì. Àwọn ọmọ á tún máa jà sí ẹni tó máa mì í.

Lẹ́yìn náà lẹ ó wá ṣa irú-irú. Ẹ má jẹ́ kó pọ̀ jù. Tiwa jẹ́ mẹ́jọ: àwọn tó ga, àwọn pẹlẹbẹ, àwọn olórí dídán tí kò ní kókó, àwọn tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ bí òrùlé, táyà àti irin rẹ̀, fèrèsé àti ilẹ̀kùn, àwọn ọmọlangidi pẹ̀lú fìlà wọn, àti wẹ́wẹ́ gbogbo. Àwọn tó ga nìkan ló pọ̀ débi tí mo tún fi àwọ̀ pín wọn, nítorí nígbà tí irú kan bá ti wà ní ọ̀tọ̀ tó sì kún abọ́, àwọ̀ wá wúlò gẹ́gẹ́ bí ìpín kejì. Ìpín kìíní ni mo ní kó má jẹ́.

Abọ́ áísìkiriìmù dára, ó ní ìdérí, ó sì rọrùn láti tò léra, àmọ́ èèyàn kì í rí inú rẹ̀. Ẹ lẹ ẹyọ kan mọ́ ara rẹ̀ níta, ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà á mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ike tí wọ́n fi ń ta ṣin-ṣin àti ẹ̀pà ló dára jù fún táyà àti ọmọlangidi, nítorí ó mọ́ gaara. Ìgò gidi ńkọ́? Rárá, ó máa já bọ́ lọ́jọ́ kan. Agolo mílíìkì tí a fi ọ̀bẹ ṣí, ẹnu rẹ̀ ń géni lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Rọ́bà pénńtì tó jẹ́ pé pénńtì gan-an ló ti wà nínú rẹ̀ rí, ẹ fi ìyẹn náà sílẹ̀.

Kéréètì ẹyin ni mo fẹ́ràn jù fún wẹ́wẹ́: ihò 30, kò jìn, gbogbo rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi ike ṣe, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí kòkòrò àrùn salmonella máa ń wà lára èèpo ẹyin. Ti páálí kò ṣeé fọ̀, mi ò gbà á láyè lọ́wọ́ ọmọ.

Ohunkóhun tí ẹ bá lò, kó má jìn. Àṣìṣe kejì nìyẹn, garawa ńlá kan tó gba gbogbo ẹ̀. Ẹ mi àpò gààrí, ẹ ó rí i pé èyí tó kúná ń yọ́ lọ sísàlẹ̀, èyí tó rí wóró-wóró á sì wà lókè. Bíríkì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá rò ó ni wẹ́wẹ́ tó ń wá ń jìnnà sí i. Ìdérí kúlà ńlá tí kúlà rẹ̀ ti bàjẹ́, tíréè tí a fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò, ìwọ̀nyí dára ju garawa lọ fún àkókò tí ọmọ ń ṣeré gan-an. Èmi máa ń tẹ́ ìró àtijọ́ sílẹ̀, a ó da èyí tí a fẹ́ lò sórí rẹ̀, tí ilẹ̀ bá ṣú, a ó kó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, a ó sì yí i padà sínú abọ́. Kò sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóru mọ́.

Ẹ má gbé ike tó mọ́ gaara sójú fèrèsé. Oòrùn máa ń sọ bíríkì funfun di yẹ́lò. Tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ wọ́n, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ni. Ilé iṣẹ́ náà ní kó má gbóná ju 40°C lọ, ẹ sì jẹ́ kó gbẹ níbòòji. Kí abọ́ wẹ́wẹ́ wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò lè dé, nítorí ó lè há a lọ́fun. Ẹ ò sì nílò láti ya ti dúrọ́ọ̀mù sọ́tọ̀ torí pé ó ti pẹ́: tó bá jẹ́ ojúlówó Lego, èyí tí wọ́n ṣe láti 1958 ṣì ń há mọ́ ti òní.

Ibi kan wà tí ṣíṣà á ní àwọ̀ ti tọ̀nà, mo sì rí i lọ́dọ̀ àkọ́bí mi. Ó fẹ́ fi àwọn pẹlẹbẹ ṣe àwòrán àdìrẹ lórí pátákó Lego kan, búlúù mẹ́ta tó yàtọ̀ síra pẹ̀lú funfun. Àwọ̀ lohun tó ń kọ́ níbẹ̀, ìrísí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan. Ó gba kéréètì ẹyin, ó ṣa búlúù rẹ̀ láti èyí tó ki dé èyí tó ṣí, ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó parí, òun fúnra rẹ̀ ló kó ìyókù padà sínú abọ́ pẹlẹbẹ, ó sì ní kí n má fọwọ́ kan àwòrán náà títí bàbá rẹ̀ á fi dé láti Ṣágámù.