Ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí lè rò pé ìkà ló pa á. Òbí wo ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ikú ọmọ òun yá? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú á sunkún, wọ́n á ṣìpẹ̀ fún un, tó bá yá á jẹun. Ti ìyá tí ọmọ rẹ̀ nù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá dún lóru, ó ti jí. Bó bá rí ẹni tó ń rìn bí ọmọ rẹ̀ lọ́jà, á sáré tẹ̀ lé e. Kí lèèyàn fẹ́ fi ṣìpẹ̀ fún un? Abájọ tó fi jẹ́ pé bí ẹni wa bá kú sọ́nà jíjìn láyé àtijọ́, àwọn àgbà a máa gbé irun àti èékánná rẹ̀ wálé wá sin.

Ọ̀rọ̀ Rùwáńdà ló gbé òwe yìí sí mi lọ́kàn. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́ lọ́dún 1994, wọ́n pa àwọn ẹ̀yà Tutsi ní ìpẹ̀yàrun, wọ́n sì pa àwọn ẹ̀yà Hutu tó kọ̀ láti lọ́wọ́ sí i. Òkú lé ní 800,000; ìjọba ibẹ̀ ní ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Aládùúgbò ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n jù wọ́n sí ṣalangá, sí kòtò, sí odò.

Lọ́dọọdún, láti ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, wọ́n máa ń ṣe Kwibuka, ìyẹn ìrántí. Wọ́n á tan iná ìrántí ní Gisozi ní Kigali, olú ìlú wọn, níbi tí wọ́n sin òkú tó lé ní 250,000 sí. Ìrántí gbogbo ìlú nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹbí ń bi aládùúgbò tí iná yẹn kò lè dáhùn: ibo lẹ jù wọ́n sí?

Wọ́n bi ìbéèrè yìí ní ilé ẹjọ́ Gacaca, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń dájọ́ ní gbangba. Ẹni tó bá jẹ́wọ́, tó sì sọ ibi tí òkú wà, ìyà rẹ̀ á fúyẹ́. Kí wọ́n tó kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ní 2012, wọ́n ti dá ẹjọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì. Àwọn kan tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn sọ ìdajì, wọ́n gbé ìyókù mì. Ó di 2018 kí wọ́n tó rí àwọn kòtò òkú ní Gasabo ní Kigali, lábẹ́ ilé tí èèyàn ń gbé. Lóṣù karùn-ún 2019, wọ́n sin òkú tó lé ní 84,000 tí wọ́n hú jáde sí Nyanza ní Kicukiro, ní Kigali náà, nínú pósí 81. N kò sọ pé gbogbo onílé orí kòtò wọ̀nyẹn ló mọ̀. Ṣùgbọ́n irú kòtò bẹ́ẹ̀ kì í kún láìjẹ́ pé ẹnì kan rí i.

Àwọn kan ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ìlú lè rọ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo kíyè sí i pé ẹni tó ń ní ká gbàgbé kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń wá òkú.

Àwọn agbo ilé kan sì wà tí wọ́n pa tán, tí kò ku ẹni tó máa wá wọn. Irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ lé ní 15,000. Àwọn ọ̀dọ́ tó yè ló ka orúkọ wọn sílẹ̀. Nínú AERG, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, wọ́n yan bàbá àti ìyá láàárín ara wọn, kí ẹni tí kò ní ilé mọ́ lè rí ẹni pè ní bàbá.

Bí ọmọ ẹni tó mọ ibi kòtò bá lè gbọ́ ohùn mi, ohun tí màá sọ fún un nìyí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà ti lé ní ọgọ́ta báyìí. Tètè bi bàbá rẹ. Kò pọn dandan kó sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Kó ṣáà nawọ́ sí ibi tí wọ́n máa gbẹ́.