Kòkòrò Àgbàdo Ní Ọ̀tá, Kí Ìjọba Gbè É Lẹ́yìn

Mú odidi àgbàdo kan nínú àká tó ti ń lọ sí oṣù kẹrin. Lókèèrè, kò sóhun tó ṣe é, háhá rẹ̀ ṣì bò ó dáadáa. Ṣí i, kí o gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́: ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú ni yóò dà sílẹ̀, èèpo hóró nìkan ló sì kù.

Kòkòrò kékeré kan ló ṣe é, Prostephanus truncatus, tí kò gùn ju mìlímítà 4 lọ. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ajẹgbàdo. Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ló yọ sí Tanzania. Nígbà tó di 1984, ó ti dé Tógò. Ó wọ Benin, ó sì wọ Nàìjíríà. Ní Tanzania, wọ́n rí àká tí ajẹgbàdo ti jẹ lé ní ìdá 30 nínú 100 àgbàdo inú rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí à ń gún ní èlùbọ́ láfún náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oògùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré sí, a kò sì bá wọn jà. Ẹni tí oúnjẹ ọdún rẹ̀ wà nínú àká kò ní káwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n inú hóró ni ajẹgbàdo ń gbé. Èyí tí a wọ́n sára háhá kì í sábà bá a níbẹ̀. Àwa tí a ó jẹ àgbàdo náà ni májèlé ń bá.

Nígbà tí ajẹgbàdo ń bọ̀, ó fi ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Kòkòrò dúdú kan tó ń dán ni, Teretrius nigrescens, ẹyin àti ìdin ajẹgbàdo sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bó ṣe ń dọdẹ yà wá lẹ́nu. Akọ ajẹgbàdo tó bá rí oúnjẹ a máa tú òórùn kan jáde láti fi pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òórùn yẹn gan-an ni Teretrius ń tọ̀ wá. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Tógò ní 1991 àti ní Benin ní 1992. Láàárín ọdún díẹ̀, ajẹgbàdo tó ń kó sí pàkúté tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe pọ̀ tó ní gúúsù Benin dín kù gan-an. Ọ̀tá rẹ̀ mìíràn tún wà, irú èébu kan, Beauveria bassiana, tó ń lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò, tó ń gún awọ rẹ̀ wọlé, tó sì ń jẹ ẹ́ láti inú títí òkú rẹ̀ á fi funfun.

A kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Teretrius kì í tètè pọ̀ bí ajẹgbàdo, kò sì ṣe dáadáa níbi tí òtútù ti mú. Àgbẹ̀ tó bá tú u sínú àká tirẹ̀ nìkan kò ní rí èrè tó ń retí, nítorí ajẹgbàdo ń pọ̀ sí i nínú igbó, lára igi gbígbẹ, kó tó fò wá sílé. Ibẹ̀ ni kí ọ̀tá rẹ̀ ti bá a. Igbó kì í ṣe ti ẹnì kan, kòkòrò kò sì mọ ẹnubodè. Kò sí oníṣòwò tí yóò máa sin Teretrius tà, nítorí ẹni tí kò rà á náà yóò jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni, bí ọ̀nà títì ti jẹ́ iṣẹ́ ìjọba.

Nítorí náà, a fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ fi owó iṣẹ́ yìí sínú ètò ìnáwó wọn lọ́dọọdún, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kí wọ́n dẹ pàkúté kiri láti mọ ibi tí Teretrius wà, kí wọ́n sin ín, kí wọ́n tú u sí ibi tí kò sí, kí wọ́n sì bá Benin àti Tógò ṣe é pọ̀. Ní ti àgbẹ̀, kó má jẹ́ kí àgbàdo pẹ́ lóko lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, kó sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀.

Kí àwọn agbaninímọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ sì mú kòkòrò méjèèjì lọ sí abúlé, kí wọ́n tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀, kó lè mọ èyí tí yóò pa àti èyí tí yóò dá sí.